Ọdún Tí Ọkọ̀ Bàámi Kò Rí Èémí Mí

Ohùn tó ń jí wa nílé ní ọdún yẹn kì í ṣe ti àkùkọ, ti ọkọ̀ Bàámi ni. Kí ìyá mi tó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kí Yèyé tó parí àdúrà òwúrọ̀ wọn tó máa ń gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, Bàámi á ti wà nínú ọkọ̀ níwájú ilé. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á wúkọ́, á tún wúkọ́, á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Yèyé á dá àdúrà dúró díẹ̀, wọ́n á ní, "Olúwa, gbọ́ ti èyí náà," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Bí ọkọ̀ bá wá jí, àwọn ẹtù aládùúgbò wa á fò sórí ògiri, ìyá mi á sì bá ìgbálẹ̀ ọwọ́ wọn sọ̀rọ̀ pé, "Orogún mi ti dìde." Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ fún wa ní Òṣogbo. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹ irun nísinsìnyí wà létí ọ̀nà tó lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun, ọkọ̀ ń kọjá níwájú mi láti àárọ̀ dalẹ́. Bí èyí tó ń wúkọ́ bá kọjá, ọwọ́ mi máa ń dúró lórí oníbàárà. Ìwé mi ò pọ̀, kíláàsì kẹta girama ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́dún náà, ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ ọ.

Kó tó di ìgbà náà, Èkó ni Bàámi ń gbé. Ọdún Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde la máa ń rí wọn. Wọ́n á dé pẹ̀lú búrẹ́dì, wọ́n á sùn bí ẹni tí wọ́n lù, wọ́n á sì padà. Nígbà tó di pé àbúrò mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, ń sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá mi tí Bàámi bá wọlé, tó sì ń pè wọ́n ní "Ọ̀gá", ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ra ọkọ̀ kan tí ẹlòmíràn ti lò gbó, wọ́n wà á wálé, wọ́n ní àwọn á máa ná Òṣogbo sí Iléṣà, àwọn á máa sùn nílé àwọn. Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan, wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ló mú mi dúró o. Ọjọ́ tó bá kọṣẹ́, Èkó náà ni mò ń padà sí." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ọkọ̀ yẹn bí ènìyàn ṣe ń fetí sí aláìsàn tó sùn ní yàrá kejì. Ìyá mi nìkan ló ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ìyàwó kékeré bẹ́ẹ̀ rí, èyí tó ń gbé ọkọ ẹni wálé fún ni ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Yèyé ni ìyá tó bí Bàámi. Ìwàrà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n ti wá. Ọkọ ló gbé wọn wá sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn ò bá wọn wá. Ilé là ń wí, ulé ni Yèyé ń wí. Iṣu tiwa, uṣu tiwọn. Bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́, èmi àti Bọ́sẹ̀ á máa sín ọ̀rọ̀ wọn jẹ títí dé ìsọ̀ tí wọ́n rán wa lọ, ẹ̀rín ò sì ní jẹ́ ká rántí ohun tí a wá rà. Yèyé ò gbà pé ènìyàn ti jẹun bí kò bá jẹ iyán. Lójú wọn, ìrẹsì jẹ́ nǹkan tí ọmọdé fi ń ṣeré kí oúnjẹ tó jinná. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n sí ni ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ tí imú rẹ̀ bá dí, ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá rẹ̀ ń gbé e sáré wá. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àdí ni, òróró dúdú tí wọ́n ń yọ lára ekùrọ́, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò lábẹ́ ibùsùn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọ́n á fi pa wá láyà, wọ́n á fi pa wá lẹ́yìn, wọ́n á kán díẹ̀ sí wa nímú. Òórùn rẹ̀ kì í fi ara pamọ́. Bí o bá wọ kíláàsì, tíṣà á ní, "Akin, ìyá àgbà ti rí ẹ." Ṣùgbọ́n wàá máa mí geere.

Ọyẹ́ ọdún yẹn gbé eruku wá bí ẹni tó ń kó ẹrù. Eruku wà lórí ewé, ó wà nínú omi ìfọjú, ó wà láàárín eyín. Ìgbà náà ni àìsàn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Sátidé kan, mo bá Bàámi lọ sí Iléṣà, mo jókòó há mọ́ àárín èrò. Nígbà tí a dé òkè kan tó wà kí a tó wọ ìlú, Bàámi tẹ iná, ọkọ̀ ò dáhùn. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ fò, ó tún jókòó padà. Ó fò, ó jókòó. Orí gbogbo wa ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn bí orí alángbá. Èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀. Iná kékeré kan tó rí bí àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn níwájú Bàámi, Bàámi fi ìka nù ún bí ẹni pé eruku ni. Ọkọ̀ bá kú. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń padà sí Ifẹ̀wàrà, ó gbé agbọ̀n obì òfìfo sórí.

Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ọkọ̀ ló ń gbé wa ni, àbí àwa là ń gbé ọkọ̀?"

Bàámi ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ó ń sinmi díẹ̀ ni."

"Èmi náà ń wá ìsinmi, òun ló jẹ́ kí n wọkọ̀."

Mẹ́káníìkì tó ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe, Ọ̀gá Sùúrù ni wọ́n ń pè é, torí pé "ẹ ní sùúrù" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Òun fúnra rẹ̀ ò ní in rárá. Bí nọ́ọ̀tì kan bá kọ̀ tí kò tú, á bá nọ́ọ̀tì náà jà, á bú ìyá tó bí i. Ó kọ́kọ́ wò ó, ó ní púlọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ wọn. Ọkọ̀ rìn dé ọ̀la. Ó ní pọ́ǹpù epo ni, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ò tilẹ̀ rìn dé ọ̀la. Bí èyí tó kọ́kọ́ sọ ṣe dá a lójú, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó tẹ̀ lé e ṣe ń dá a lójú, bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ rán wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá Akin, mo ti rí i. Ọkọ̀ yìí ò rí èémí mí ni. Ẹ wá wo imú rẹ̀." Ó nawọ́ sí àpótí dúdú kan tí páìpù ńlá gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí i, ó yọ asẹ́ tó ń sẹ́ atẹ́gùn jáde, ó gbá a mọ́ táyà, eruku sì bo gbogbo wa.

Yèyé jókòó lórí àpótí ìjókòó wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ọwọ́ wọn dúró. "Ọmọ mi, kí lo ní ó ń ṣe é?"

"Kò rí èémí mí, Màmá. Imú ẹ̀ ló dí."

"Ukọ́ ńkọ́?"

"Ohun tó fà á tó fi ń wúkọ́ nìyẹn."

Yèyé mi orí, wọ́n padà sí ẹ̀gúsí wọn.

Ọkọ̀ sàn díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ikọ́ ò tán nínú rẹ̀ pátápátá. Ó dájú pé Yèyé rí i bí aláìsàn tí dókítà ṣe díẹ̀ lára rẹ̀, tó wá ku ti àwọn àgbà. Bí Bàámi bá ti wọlé lọ wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé á pè mí pé kí n bá àwọn gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, torí pé apá wọn ò ká a. Wọ́n á ṣí àpótí imú náà bí wọ́n ṣe rí i tí Ọ̀gá Sùúrù ṣí i, wọ́n á da àdí sórí asẹ́ náà, wọ́n á kán díẹ̀ sínú páìpù, wọ́n á wá fi èyí tó kù lọ́wọ́ wọn ra ojú iná iwájú ọkọ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń fi òróró pa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. "Pẹ̀lẹ́," ni wọ́n máa ń wí. "Yóò lọ. Pẹ̀lẹ́."

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan, mo ní, "Yèyé, ṣé ọkọ̀ ní imú lóòótọ́?"

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń ṣí i lọ ni?"

Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àdí yìí kan náà ló jẹ́ kí èmi náà máa mí.

Bí ọkọ̀ ṣe ń burú sí i ni Yèyé ń bù kún oògùn. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn nínú ọkọ̀, wọ́n ń béèrè pé ta ló gbé ọmọ jòjòló dání, torí òórùn tó ń wọlé láti iwájú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bàámi rò pé ara àwọn èrò ló ti ń wá. Ìyá mi ní orogún àwọn ti ń para. Òkè Iléṣà di ibi tí gbogbo èrò ti mọ̀ pé àwọn á sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan á tilẹ̀ ti bọ́ bàtà wọn kí a tó dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, èrò ò wọkọ̀ náà mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Yèyé sì gbà pẹ̀lú wọn, wọ́n gbààwẹ̀ lé e, wọ́n tún bu àdí kún un. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàámi kó aṣọ wọn sínú báàgì ńlá kan, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni àwọn ń lọ, àwọn tó ń ra irin àlòkù á sì wá gbé ọkọ̀. Yèyé gún iyán ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán. Bọ́sẹ̀ tó ti kọ́ láti máa pè wọ́n ní Bàámi jókòó lórí báàgì yẹn, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ọ̀gá Sùúrù yà wá kí Bàámi pé ó dìgbóṣe. Kò sí mẹ́káníìkì tó lè kọjá lára ọkọ̀ kó má fọwọ́ kàn án, ó bá ní kí Bàámi yí kọ́kọ́rọ́ kí òun gbọ́ ọ fún ìgbà ìkẹyìn. Ọkọ̀ wúkọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń tu èéfín. Ọ̀gá Sùúrù da etí sí i. Lára páìpù ńlá yẹn, nítòsí àpótí imú, nǹkan kékeré kan wà tí wáyà wọ inú rẹ̀, mi ò tilẹ̀ kíyè sí i rí. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún lọ́wọ́, ó di ẹnu wáyà náà mú, ó yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ta gìrì, ó wá tòrò. Ó ki wáyà náà bọ̀ ọ́ padà, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó yọ ọ́, ó tòrò. Àwọn ẹtù orí ògiri pàápàá dákẹ́.

Bàámi sọ̀ kalẹ̀. "Kí nìyẹn?"

"Sẹ́ńsọ̀ ni. Òun ló ń jíṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì pé atẹ́gùn tó wọlé tó báyìí, kí ẹ́ńjìnnì lè mọ epo tó máa bù sí i. Irọ́ ló ń jíṣẹ́. Epo wá ń pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, ìyẹn lẹ ṣe ń rí èéfín. Mo yọ ẹnu ẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì ò gbọ́ irọ́ mọ́, ó ń fi òye ara ẹ̀ ṣe é."

Ìyá mi ní, "Bó ṣe ń rí láàárín ẹbí náà nìyẹn. Ẹ yọ olófòófó kúrò, ẹ wò ó bí ilé ò bá ní tòrò."

Bàámi ní, "Kí ló wá sọ ọ́ di òpùrọ́?"

Imú Ọ̀gá Sùúrù ń ṣiṣẹ́. Ó gbóòórùn páìpù, ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣí àpótí dúdú náà, ó wo inú rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. Asẹ́ náà ti dúdú, ó ń kán tó, tó, tó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi yanrìn nu ọwọ́ rẹ̀ kíkankíkan.

Ó ní, "Ta ló ń tọ́ ọmọ jòjòló nínú ẹ́ńjìnnì?"

Yèyé ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá?"

"Ìwọ lo ní kò rí èémí mí. Ìwọ lo fi imú rẹ̀ hàn mí."

"Màmá, mo fi imú hàn yín ni, mi ò ní kí ẹ kán nǹkan sí i."

"Ta ló ń rí imú tó dí tí kì í kán nǹkan sí i?"

Ìyá mi ni ẹ̀rín kọ́kọ́ pa. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára wọn, wọ́n di ikùn mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ohùn wọn jáde. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Bàámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ìyá wọn. "Yèyé, láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe èyí?"

Yèyé ní, "Ṣé o ò ní ọjọ́ tó bá kọṣẹ́ lò ń padà sí Èkó ni? Kí lo ní kí n máa wò?"

Bàámi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Ọ̀gá Sùúrù bá àwọn nù ún kúrò. Ọ̀gá Sùúrù kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ta? Bàbá Akin, àdí nìyẹn. Ẹlẹ́gbára ni wọ́n ń bọ nílé wa, àdí sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Eléyìí tó kàn mí yìí gan-an, mi ò mọ ohun tí mo máa wí nílé."

Ìyá mi nu omijé ẹ̀rín. "Ọ̀gá Sùúrù, ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni?"

"Ìyá Akin, ìrun ni mò ń kí. Mi ò ní mo ti kó kúrò nílé bàbá mi."

Kò sí bí wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́ tó. Ó dúró lókèèrè, ó ń fi igi nawọ́ sí ibi tí Bàámi máa tú, Bàámi sì tú sẹ́ńsọ̀ náà jáde. Kò ju ìka àtàǹpàkò lọ. Ọ̀gá Sùúrù ní inú rẹ̀ ni okùn kan wà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, àdí ti bò ó, sípíríìtì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ la máa fi fọ̀ ọ́, ọwọ́ ò sì gbọ́dọ̀ kan okùn náà. Bí ó bá já, ó di Ìbàdàn kí a tó rí òmíràn, Bàámi á sì ti lọ. Bàámi wo àwọn ìka wọn. Ìka tó ti di ìdarí ọkọ̀ mú láti ọjọ́ tó pẹ́, ó ti nípọn jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yèyé na ọwọ́. Wọ́n ní, "Èmi ni mo da eérú, ẹ jẹ́ kó tọ̀ mí."

Wọ́n tẹ́ gèlè ṣọ́ọ̀ṣì wọn sórí itan, wọ́n gbé nǹkan náà lé e. Wọ́n bu sípíríìtì sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ń jẹ́ kó máa kán lọ sínú rẹ̀ láti ẹ̀bá ìka, bí wọ́n ṣe máa ń rọ ọmọ lágbo. Ọ̀gá Sùúrù ń pariwo láti ọ̀ọ́kán pé, "Màmá, ẹ ní sùúrù, ẹ má kan okùn yẹn."

Yèyé ò gbójú sókè. "Ọmọ tí àwújẹ̀ orí rẹ̀ ṣì ń mí ni mo ti ń wẹ̀. Gba ẹnu rẹ dání."

Ọwọ́ tí mo ti ń rò pé ó ti gbó, kò gbọ̀n rárá. Mo máa ń rántí ọwọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ká ilé ìwé, wọ́n ń pe Yèyé ní Dókítà Ọkọ̀, orúkọ náà sì dé ẹnu gbogbo àdúgbò. Yèyé ń bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ ọdún kejì ti dé, mo rí i pé wọn ò yọ ìgò àdí náà jáde mọ́ àfi tí ìyá ọmọ bá bẹ̀ wọ́n. Mi ò ro ohunkóhun sí i nígbà náà. Yèyé ti lọ báyìí. Nígbà tí imú ọmọ tèmi dí, mo ra àdí, mo dúró tì í pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, mi ò mọ bí a ṣe ń dá a dúró lórí ìka kó tó kán. Mi ò rí ẹni tí mo lè bi.

Oòrùn gbẹ sẹ́ńsọ̀ náà. Ọ̀gá Sùúrù fi igi gbọ́n asẹ́ tó kún fún àdí jù nù, ó sáré lọ mú òmíràn wá lára ọkọ̀ àlòkù kan ní ìsọ̀ rẹ̀. Bàámi de òun àti sẹ́ńsọ̀ padà, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tẹ iná, ó dáhùn, kò fò, kò jókòó.

Ọ̀gá Sùúrù ní, "Ó ń mí."

Yèyé ní, "Má sọ ìyẹn sí mi létí mọ́."

Bàámi wà á lọ sí òkè Iléṣà láwọn nìkan, wọ́n sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ó gun òkè." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Màá ṣì rò ó." Wọ́n wo ilẹ̀ ibi tí wọ́n gbé báàgì sí. "Ìyá Akin, báàgì mi dà?"

Ìyá mi ń tú ọṣẹ sómi lẹ́yìnkùlé. "Aṣọ inú rẹ̀ dọ̀tí. Mo ti rẹ ẹ́."

"Gbogbo rẹ̀ ló mọ́ tónítóní."

"Lójú yín ni."

"Gbogbo rẹ̀ lo rẹ?"

"Pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹ ní ẹ máa wọ̀ lọ."

Bàámi lọ wò ó. Bọ́sẹ̀ wà nínú abọ́ ìfọṣọ ńlá, omi dé orúnkún rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ àwọn aṣọ náà mọ́lẹ̀. Bàámi jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n bọ́ bàtà. Ọyẹ́ máa ń gbẹ aṣọ kíákíá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ti Bàámi bá ti fẹ́ gbẹ, ìyá mi á fọwọ́ kàn án lórí okùn, wọ́n á ní ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n á sì tún rẹ ẹ́.